Òkúta Mẹ́ta Tó Kúrò Lójú Páìpù

Òkúta mẹ́jọ ni Màmúdù, fọ́ọ̀máànù omi ẹ̀rọ, tò sẹ́yìn ilé Àlùfáà Sàlíhù ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Márùn-ún sọ òótọ́, mẹ́ta purọ́. Kọ́púrà Tìjání ló rí i. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọjọ́ Àìkú ni, ní ọdún kejì ogun Hítílà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ará Tamale ti sán. Ní àárọ̀ àná ni ọ̀pá irin Ìsá, ọmọ ẹ̀yà Mọ̀ṣí tó máa ń gbẹ́ ihò ọgbà fún gbogbo Zongo, lu páìpù omi tó ń lọ sí ọsibítù. Omi tú sókè, àwọn ọmọdé jó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí aago mẹ́wàá tó lù, kò sí ẹ̀kán omi kan fún àwọn aláìsàn mọ́. Òyìnbó ọ̀gá ọlọ́pàá bínú gidigidi. Ó ní kí wọ́n ti Ìsá mọ́lé, kí wọ́n sì gbé e dé iwájú ajẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Oṣù mẹ́fà ni ẹ̀wọ̀n tó ń dúró dè é, àfi bí ẹnìkan bá rí nǹkan mìíràn sọ.

Tìjání ni wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ìlọrin ni, òun nìkan ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó wà ní Tamale nígbà náà, inú ilé Àlùfáà yìí kan náà ló sì háyà yàrá méjì sí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ pé bó bá wo inú ìkòkò ọbẹ̀ lásán, yóò mọ ẹni tó yọ ẹran. Òun náà gbọ́ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dákẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ òkúta ṣe jẹ́ nìyí. Àwọn sójà tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá máa ń yọjú wo àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Àlùfáà wá ní kí wọ́n fi ẹní koríko ṣe ọgbà, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní zánà. Ṣùgbọ́n páìpù gba àárín ilé àti ọ̀nà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, kò sì jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe Màmúdù. Ní Ọjọ́bọ̀, Màmúdù mú ìwé àwòrán rẹ̀ àti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé. Ó ń ti ọ̀pá bọlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gbé etí lé e, ibi tó bá ti gbọ́ ìró omi, ó gbé òkúta kan síbẹ̀. Nígbà tí òkúta pé mẹ́jọ, ó da ẹfun lé wọn lórí lójú ibi tí wọ́n wà. Ó ní ìṣísẹ̀ méjì sí òkúta, níhà ilé, ni kí wọ́n gbẹ́ ihò ọgbà sí, kí irin má sì kan ibòmíràn.

"Wá wo nǹkan," ni Tìjání wí fún un. Ó fi hàn án pé òrùka ẹfun yí ìdí òkúta márùn-ún ká, níbi tí ẹfun ti ṣàn kalẹ̀. Mẹ́ta tó wà láàárín kò ní òrùka kankan. Ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn wọn níhà ilé, òrùka méjì wà nílẹ̀ tí wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ gbá títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Omi ti wọ́ ìkẹta lọ.

"Wọ́n gbé wọn sún sí ọ̀nà," ni Tìjání wí. "Ìsá wọn ìṣísẹ̀ méjì sí òkúta gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, ó sì bọ́ sórí páìpù gan-an."

Màmúdù pàtẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, Ìsá fúnra rẹ̀ ló gbé wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti hú fún páìpù rọ̀, ilẹ̀ tó kù le koko nínú ọyẹ́, ta ni kò mọ̀ pé ibi tó rọ̀ ni agbẹ́lẹ̀ ń fẹ́? Òun ti rò pé àìbìkítà ni. Òun ò mọ̀ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló lò. Ó ní òun yóò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ajẹ́lẹ̀.

Tìjání rí i pé ohun tí òun hú jáde ti fún okùn mọ́ ọrùn Ìsá. Nígbà tí Màmúdù lọ, ó yí àwọn òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú dé. Ìdí wọn ní àmì róbótó, bí ìgbà tí wọ́n jókòó lórí nǹkan rírọ̀. Ní etí ọ̀kan, ẹfun tó gbẹ ti há fọ́nrán òwú pupa kan mọ́ra. Ó fi ìwé wé e, ó fi í sápò.

*

Ìsá jókòó lórí ilẹ̀ ní àtìmọ́lé, abọ́ tánganran kan tí wọ́n dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Túwó ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Ìsá ní obìnrin kan ló ń gbé e wá láti àná, ó máa ń fi ìborùn bo ojú, bó bá ti gbé e kalẹ̀ báyìí, ẹkún ni. Etí abọ́ náà ti bó níbì kan. Ó jọ pé Tìjání ti rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n abọ́ tánganran pọ̀ ní Zongo, kì í sì í ṣe abọ́ ló wá wò.

Ó ní kí Ìsá bọ́ fìlà. Àpá kan gba àárín orí rẹ̀ kọjá, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò.

"Kànga ló wó lé mi níbẹ̀ ní Kukuo," ni Ìsá wí. "Láti ọjọ́ náà, mi ò lè gbé nǹkan kan sórí mọ́. Èjìká ni mo fi ń ru ẹrù."

Tìjání mí kanlẹ̀. Ẹni tó gbé òkúta wọ̀nyẹn, orí ló gbé wọn sí. Àmì òṣùká tó wà ní ìdí wọn ti wí bẹ́ẹ̀. Ó wá bi í bó ṣe máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kó tó gbẹ́lẹ̀.

Ìsá ní páìpù nìkan kọ́ ló wà nínú ilẹ̀, ìyẹn ni Màmúdù kò mọ̀. Kí òun tó fi irin kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, òun máa ń lọ bá baálé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, òun á bi í pé kí ló ní nínú ilẹ̀. Òmíràn á ní òun sin olóbi ọmọ òun sábẹ́ igi yẹn nígbà tí wọ́n bí i. Òmíràn á ní kànga àtijọ́ ni, tàbí ìkòkò tí bàbá òun rì mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n bá fi han òun, òun á yẹ̀ ẹ́. Ogún ọdún rèé tí òun ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ilé kan tó bá òun ṣẹjọ́ rí.

"Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo bi gbogbo wọn," ni ó wí. "Mo bi Àlùfáà. Mo bi Àmúdà olóbì. Ẹ̀yin náà, Kọ́púrà, mo bi yín."

"Mo rántí," ni Tìjání wí, ó sì dìde. Kò rántí dáadáa. Ó ń wé aṣọ mọ́ ojúgun nígbà náà, ó ti ń pẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́.

*

Àmúdà olóbì ni ọkàn rẹ̀ lọ sí. Inú ilé kan náà ni Àmúdà ń gbé, ó sì ti ń ráhùn láti Ọjọ́bọ̀ pé ọgbà yóò jẹ àyè tí òun ń kó àpò obì sí. Bí òkúta bá sún sí ọ̀nà, àyè rẹ̀ yóò fẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, orí kúbùsù pupa ló máa ń jókòó sí.

Tìjání bá a lórí kúbùsù náà níwájú ilé, àwọn tó wá ra obì yí i ká. Ì bá ti pè é sápá kan, ṣùgbọ́n Tìjání fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun bí òun bá ń ṣiṣẹ́. Ó bi í níbi tó wà ní ọjọ́ Jímọ̀. Àmúdà ní Tìjání fúnra rẹ̀ ti rí òun ní mọ́sáláṣí, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Lẹ́yìn ìrun ńkọ́? Ó ní ẹ̀yìnkùlé ni òun ti ń ṣa obì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó sún mọ́ òkúta lójú òun.

"Ìwọ náà ò sún mọ́ ọn?"

"Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?"

"O fẹ́ àyè. Apá rẹ sì le. Dìde, bá mi gbé àpò obì yẹn kí n rí i."

Àmúdà kò dìde. Ó wo àwọn oníbàárà rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní kí Tìjání jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí àwọn wọlé. Tìjání ní ibi tí àwọn wà yìí náà dára. Nígbà náà ni Àmúdà sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tí ń ṣàìsàn lọ, pé ìpá ni òun ní, ọdún kẹta rèé, òun ò lè gbé ohun tó wúwo ju igbá obì kan lọ. Obìnrin kan lára àwọn oníbàárà bojú wẹ̀yìn. Ojú ti Àmúdà débi pé kò lè ka obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ojú ti Tìjání náà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lára rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Àmúdà ti là á lọ́yẹ̀. Màmúdù ti sọ pé òun kọjá lẹ́yìnkùlé ní àárọ̀ Jímọ̀, òkúta ṣì wà lójú ibi tí òun gbé wọn sí. Láti ìgbà tí ìrun Jímọ̀ parí títí ilẹ̀ fi ṣú, Àmúdà wà níbẹ̀, ẹni tó sì gbá òrùka ẹfun kò lè gbá a nínú òkùnkùn. Nígbà tí gbogbo ọkùnrin wà ní mọ́sáláṣí nìkan ni àyè ṣí sílẹ̀. Ta ló kù nílé nígbà náà? Ta ló ń gbé ẹrù lé orí òṣùká, tó ń gbá ilẹ̀ tó bá ti tẹ̀? Ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. Obìnrin ni.

*

Ìdáná mẹ́rin ló wà nínú ilé Àlùfáà. Tìjání yọjú wo ti ìyàwó Àmúdà àti ti Ràbíátù, tó háyà yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kò rí nǹkan pupa kankan. Ìyá Àdìjátù, ìyàwó Àlùfáà, jókòó lẹ́nu ìdáná tirẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà. Tìjání kí i, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ó wá tú ìwé inú àpò, ó fi òwú pupa hàn án.

"Ìyá, èwo nínú àwọn obìnrin ilé yìí ló ní òṣùká pupa?"

Ìyá Àdìjátù wo òwú náà. Ó tún mú ẹ̀pà mìíràn, ó pa á.

"Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí," ni ó wí, "ẹni ni ẹ máa ń béèrè. Ẹ kì í béèrè ìdí."

"Ìyá, ẹ̀wọ̀n ni Ìsá ń lọ lọ́la."

"Mo mọ̀. Mi ò sùn lóru àná." Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lẹ́sẹ̀. "O ti wo ìdáná mi. O ti wo ti ìyàwó Àmúdà, o ti wo ti Ràbíátù. Mẹ́ta nìyẹn. Èwo ló kù, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìdáná kẹrin, tirẹ̀ ni. Ó ti ń jẹun nínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ wọ ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ wọlé. Òṣùká náà kọ́ sára òpó. Ọ̀já pupa tirẹ̀ ni, èyí tó máa ń dì mọ́ ìbàdí lórí aṣọ ọlọ́pàá kó tó gbó, tó sì ní kí ìyàwó òun dà á nù. Ẹfun wà lára rẹ̀. Lórí pẹpẹ, níbi tí abọ́ tánganran mẹ́ta máa ń wà, méjì ló kù, etí ọ̀kan sì ti bó bíi ti àtìmọ́lé.

Kò tíì sí ẹni tó rí i, ojú ti tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ kì í sọ. Ní àkókò òjò tó kọjá, wọ́n rán Tìjání lọ sí Bawku fún oṣù mẹ́rin. Oyún Hàjàrá, ìyàwó rẹ̀, ti pé oṣù márùn-ún nígbà tó lọ. Nígbà tó dé, ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Hàjàrá ní ọmọ náà kò sunkún, Ọlọ́run ti gbà á. Tìjání ní Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò, ó sì fọ ọwọ́ láti jẹun. Kò bi í ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó rò pé bí ọkùnrin ṣe ń ṣe é nìyẹn, kó má baà máa ha egbò.

Ìgbà tí Hàjàrá wọlé, ọ̀já pupa wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó sọ ìborùn kalẹ̀.

"Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ti ń bọ̀," ni ó wí. "Mo gbé oúnjẹ lọ fún Ìsá. Èmi ni mo gbé òkúta. Mi ò mọ̀ pé páìpù náà ò jìn. Mo rò pé bí kànga ló ṣe jìn, tí irin kò lè dé ibẹ̀."

"Kí ló dé tí o fi gbé e?"

Ó fi ẹnu júwe fèrèsé ìdáná. Ó ní òun ti ka ìṣísẹ̀ méjì sí òkúta, ihò kan ì bá bọ́ sí orí ọmọ náà gan-an. Òun àti Ìyá Àdìjátù ló sin ín síbẹ̀, inú aṣọ funfun, lẹ́yìn fèrèsé, kí òun lè máa rí i bí òun bá ń dáná.

Tìjání ò lè gbé orí sókè láti wo ibi tó ń júwe.

"O ò sọ fún mi."

"Ìsá bi yín lójú mi," ni Hàjàrá wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo wà níbí, mò ń fẹ́ iná. Ó ní kí lẹ ní nínú ilẹ̀. Ẹ ò wojú rẹ̀, ẹ ní a ò ní nǹkan kan."

Ó rántí wàyí. Ó rántí ohùn ara rẹ̀ pẹ̀lú, bó ṣe yára, bí ẹni tí ń lé adìẹ.

"Ọkùnrin ni, àbí obìnrin?"

"Obìnrin. Irun rẹ̀ pọ̀. Etí yín ló gbé wá."

*

Gbogbo ọ̀sán yẹn, èṣù jókòó tì í. Òwú pupa wà lápò rẹ̀, iná wà lábẹ́ ìkòkò. Bó bá jù ú síná, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ìyá Àdìjátù kò ní í sọ. Màmúdù yóò sọ ti ilẹ̀ tó rọ̀, ajẹ́lẹ̀ yóò gbà, Ìsá yóò ṣe oṣù mẹ́fà, wọn yóò sì tún máa sọ pé Tìjání ló rí òrùka ẹfun. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni àwọn ará Ìlọrin máa ń wí. Ó mú ìwé náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún un dá padà sápò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ará Zongo kún ẹnu kóòtù. Màmúdù sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà Tìjání bọ́ síwájú, ó gbé ọ̀já pupa sórí tábìlì pẹ̀lú òwú inú ìwé, ó ní inú ilé òun ni ẹni tó gbé òkúta ti jáde, kì í ṣe Ìsá.

Ajẹ́lẹ̀ bi í bóyá ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn wádìí ohun tó wà nínú ilẹ̀ kó tó gbẹ́ ẹ.

"Ó wádìí."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ mi."

"Kí ni o sọ fún un?"

Tìjání wo àwọn tó kún ẹnu kóòtù. Àlùfáà Sàlíhù wà níbẹ̀. Àmúdà wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Mo ní a ò ní nǹkan kan nínú ilẹ̀," ni Tìjání wí. "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá rẹ̀ gbé òkúta kí wọ́n má baà gún un nírin. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ̀bi ìyàwó mi kọ́, èmi ni kí ẹ mú."

Hausa ló fi sọ ọ́. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè òyìnbó, ó tún yíjú padà, ó sọ ọ́ ní Dagbani, èdè àwọn onílùú, fún àwọn tó wà lẹ́yìn, ní ohùn rara, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Nígbà kẹta, kò mọ ibi tí òun lè fi ọwọ́ òun sí.

Wọ́n dá Ìsá sílẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún Hàjàrá, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọ̀gá ọlọ́pàá fi ọ̀bẹ gé ìlà oyè kan nínú méjì tó wà lápá aṣọ Tìjání. Lóde, Ìsá ń dúró dè é pẹ̀lú abọ́ tánganran tó ti fọ̀. Tìjání bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, Ìsá sì gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́.

"Ihò kan péré ni ǹ bá fò," ni Ìsá wí. "Ọgbà á sì dúró. Mo ti fo ihò fún olóbi, mo ti fò ó fún sàréè ọmọ pẹ̀lú, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó kàn jẹ́ kí èèyàn sọ fún mi ni."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Màmúdù tún òkúta tò, ó da ẹfun lé wọn. Lọ́jọ́ kejì Ìsá dé, ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kan ti Tìjání, ó kí i, ó bi í gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kò bi í rí.

"Kí lẹ ní nínú ilẹ̀?"

Nínú ìdáná, abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ iná dákẹ́.

"Ọmọbìnrin wa wà níbẹ̀," ni Tìjání wí.

Ìsá mi orí. Ó ní níbo gan-an, kí òun fi èèkàn sí i. Tìjání wo ẹ̀yìnkùlé láti òpin kan dé èkejì. Ilẹ̀ lásán ló rí. Kò lè fi ọwọ́ hàn án, kò sì lè ṣe bí ẹni tó mọ̀ mọ́. Ó yíjú sí ìdáná, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó wá fi ibẹ̀ han àwọn.

Hàjàrá nu ọwọ́, ó jáde. Ó ṣíwájú, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì tẹ̀lé e.